Ta Ló Ń Yí Gíláàsì Ọkọ̀ Wa Sókè?

Wọ́n tún ti yí i sókè. Gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ojú mi báyìí ni ọkọ mi ṣe yí wọn wálẹ̀ lánàá kí òórùn yẹn lè jáde, tó wọlé, tó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ara ògiri… Gbogbo àárọ̀ báyìí náà ni. Èmi àti ẹ̀ nìkan la sì wà nílé.

Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má parọ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo jókòó sí bí èrò takisí, torí ìjókòó iwájú yẹn — aṣọ àlòkù ni. "Màdáàmù, a ò pa ẹran kankan torí ẹ̀," ni ọkùnrin tó tà á fún wa wí, ó ń fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ológbò lára. "Aṣọ tí àwọn èèyàn ò wọ̀ mọ́ la lọ̀, la tún hun. Kò ba ayé jẹ́." Ọkọ mi ń mi orí. Ọ̀rẹ́ mi ní tiẹ̀ rẹ́rìn-ín títí: "Ẹ sanwó ọkọ̀ tuntun, wọ́n kó àkísà fún yín." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Àmọ́ àkísà ta ni?

Káńfò. Káńfò àti ìpara orúnkún. Òórùn màmá mi.

Èmi ni mo di aṣọ wọn sínú àpò lẹ́yìn ìsìnkú, tí mo kó o fún àwọn tó ń gba àlòkù. Ṣùgbọ́n aṣọ gbogbo ayé ni wọ́n ń lọ̀ pọ̀, báwo ni tiwọn ṣe máa… Kò ṣeé ṣe. "Òórùn wo?" lọkọ mi máa ń bi mí. "Òórùn ọkọ̀ tuntun ni, jàre." Síbẹ̀, torí tèmi, àwọn tó ń ṣe ìjókòó ọkọ̀ ń bọ̀ láàárọ̀ yìí wá tú ìjókòó náà, kí wọ́n fi awọ gidi sí i. Mo sunkún kó tó gbà.

Kí ló wá dé tí àyà mi ń já? Ṣebí ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.

Ó ti ń tán lọ, òórùn náà. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń kún inú ọkọ̀. Ní báyìí mo ní láti nà síwájú, kí n gbé imú lé aṣọ náà… Ó wà níbẹ̀. Díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ.

Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?

Wọ́n ń kan géètì. Ó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ohun tí èèyàn ti dì mú tipẹ́. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ mi. Etí aṣọ oorun mi ti tutù fún ìrì, mi ò sì rántí ìgbà tí mo jáde nínú ilé…

Èmi ni. Gbogbo àárọ̀, èmi ni. Kí màmá mi má baà lọ.