Ẹ Dín In

Ó ti rẹ Ìyá Dígí dé inú eegun. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ nìyẹn, nítorí dígí pẹlẹbẹ ló ń gbé kiri látàárọ̀ dalẹ́. Ọdún kẹta rèé tó ti ń fi bàbà, tánńganran àti imí ọjọ́ kun dígí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ń tì í bọ iléru, kí ó lè máa fa oòrùn mu, kí ó sì sọ ọ́ di iná mànàmáná. Bí ooru bá kéré, kò ní jinná. Bí ó bá pọ̀ jù, imí ọjọ́ á bá èéfín lọ, gbogbo rẹ̀ á sì bàjẹ́.

Dígí kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Ọ̀gá ti ní bí ìyẹn náà bá kọ̀, àwọn yóò ti iléru pa lọ́jọ́ Ẹtì, kí Ìyá Dígí àti Bàbá Oníléru, àgbàlagbà tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, máa lọ ilé wọn.

Èyí tó ṣáájú, ní ìwọ̀n ooru 560, ti yọ ìléròrò létí. Ìyá Dígí mọ̀ pé ogún péré ló yẹ kí òun yọ kúrò. Ṣùgbọ́n oorun ti ń kùn ún. Ó ya bébà, ó kọ ọ́ pé, "Bàbá, ẹ dín in," ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn iléru, ó sì lọ fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ó gbàgbé àṣà tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Nínú yàrá yẹn, ooru kékeré ni wọ́n ń pè ní sísè, ooru ńlá ni dídín. Bàbá ka ìwé, ó mi orí, ó gbé e sí 620. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Tiẹ̀ kò tilẹ̀ fọ́, dídín ni wọ́n dín in.

Nígbà tó jí, dígí ti wà lórí tábìlì, ó lu jára bí asẹ́. Wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí i, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tó ń wọn iná kò mira. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé sí i, ó ní ohun tí ó kọ lòun ṣe. Inú bí Ìyá Dígí gan-an, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí yóò bínú sí yàtọ̀ sí ara rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ Bàbá.

Bàbá jókòó tì í. "Kí ló wá kù báyìí, ọmọ mi?"

Ìyá Dígí mú bírò, ó fi ọ̀rọ̀ kékeré kan kún ìwé náà, ó sún un sọ́dọ̀ rẹ̀.

"'Kù' náà ló kù, Bàbá."

Bàbá kà á: ẹ dín in kù. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó pa iná iléru fúnra rẹ̀. Kò dúró de ọjọ́ Ẹtì.