Ìlà Mẹ́rin fún Abọ́dúndé

"Yọ ìlà méjì ìsàlẹ̀ yẹn kúrò," Àkàngbé wí. Kò tilẹ̀ jókòó.

Mo gbójú sókè wò ó. Lẹ́tà òjé tí a fi ń tẹ̀wé ṣì wà lọ́wọ́ mi. Káàdì ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ń tò, ìlà mẹ́rin péré. Mo ti tò ó tán, mo ti tẹ ẹyọ kan wò, mo sì ti fi ẹyọ náà kọ́ ìṣó ara ògiri, bí a ti ń ṣe sí gbogbo iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé wa ní Muṣin, kí ẹni tó ni iṣẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó wà lórí rẹ̀ nìyí:

Abọ́dúndé, bíríkìlà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́.
Ó kọ́lé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn kó tó kọ́ tirẹ̀.
Ọmọ́níkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì.
Òun, Kíkẹ́ àti Mobọ́lá ló fi sínú ilé náà lọ.

"Ṣé àṣìṣe wà níbẹ̀ ni, sà?"

"Mo ní kí o yọ ọ́. Kọ ọ́ pé, 'Ó fi ìyá àti àbúrò sáyé lọ.' Ó ti tó."

"Ìyàwó olóògbé ló mú iṣẹ́ yìí wá, sà."

"Ìyàwó wo? Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló so wọ́n pọ̀? Ìwé ẹ̀rí dà? Ẹbí ló ń sin òkú, kì í ṣe obìnrin."

Mo wo ọ̀gá mi, Alàgbà Oyèwọlé. Awò ojú rẹ̀ ló ń nù. Ọ́fíìsì ìjọba tí Àkàngbé wà ló ń gbé fọ́ọ̀mù fún wa tẹ̀, bí fọ́ọ̀mù yẹn bá dáwọ́ dúró, ẹ̀rọ wa á kàn máa sùn ni.

"Tìrìmísíyù," ọ̀gá wí, "oníbàárà ló ni iṣẹ́. Ṣe é bí wọ́n ṣe wí."

Ẹ gbọ́ mi o! Orí tí Abọ́dúndé fi ru búlọ́ọ̀kù ló fi rán Àkàngbé yìí lọ sí sùkúù. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní àdúgbò wa. Inú bí mi, síbẹ̀ ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ lẹ́tà náà.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà ni Ọmọ́níkẹ́ ti wá. Ojú ewé mẹ́fà ló kọ sínú ìwé ọmọ rẹ̀, láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Ìdó tòun ti àpò irinṣẹ́ kan ṣoṣo, títí dé ọjọ́ tó ṣubú láti orí àkàbà tó sì kú. Mo ní, "Ìyá Kíkẹ́, ẹ má bínú, káàdì ò gbà ju ìlà mẹ́rin lọ." Ó jókòó sórí ẹrù bébà, ó ń ge ọ̀rọ̀ kúrò láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn tàrí. Mo rò pé ìyìn ni yóò fi sílẹ̀, àwọn nǹkan bí "bàbá rere, olùfẹ́ gbogbo ènìyàn" tí wọ́n máa ń kọ. Ó yọ gbogbo ìyẹn dànù. Nígbà tó ṣe tán, ó ní, "Bọ̀dá Tìrì, bí wọ́n bá yọ ìkan nínú èyí tó kù yìí, mi ò sí mọ́ nìyẹn."

Mo rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń to lẹ́tà nígbà náà, mo ti to ìtàn ìgbésí ayé olówó tó gba ojú ewé ogún. Mi ò tíì rí èyí tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń yọ ènìyàn. Wọn kì í fi àyè sílẹ̀ lásán nínú iṣẹ́ wa, lẹ́tà tó kù á tú ká. Irin tí kò lójú la fi ń dí i, irin tó kúrú, tí kì í kan bébà. Òun ni mo kó sí àyè ìlà kẹrin. Ẹni tó gba káàdì náà lọ́wọ́ rí funfun nísàlẹ̀, ó sì rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

Ẹyọ tó wà lára ìṣó ńkọ́? A máa ń fi irú rẹ̀ nu inki ni. N kò fi nu nǹkan kan. Mo ká a, mo tì í bọ àpò àyà mi.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Ọmọ́níkẹ́ sáré wọlé wá nínú aṣọ dúdú opó. Àkàngbé ti ní kó jáde kúrò nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ní Surulérè. Obìnrin náà gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù, Àkàngbé sì fa káàdì yọ níbẹ̀.

"Adájọ́ fi hàn mí," ó ní. "Wọ́n ní, 'Ìyá, níbo lẹ wà nínú ìwé tí ẹbí tẹ̀ yìí?' Bọ̀dá Tìrì, ẹ jọ̀ọ́, Ọjọ́bọ̀ la tún ń padà lọ. Ẹ bá mi mú èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ wá. Ẹ ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ kàn fi hàn wọ́n ni."

Ọ̀gá wúkọ́ lẹ́yìn mi. "Tìrìmísíyù, ṣé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà?"

Ẹ̀yìnkùlé Alàgbà Oyèwọlé ni mò ń gbé, èmi, Ìdíátù ìyàwó mi àti ọmọ mẹ́rin, nínú yàrá kan. Bó bá ní kí n jáde lọ́la, ta ni n óò lọ bá ní Èkó yìí?

"Kò sí," mo ní. "Mo ti fi nu inki."

Ìwé náà wà láyà mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ́níkẹ́ wo ọwọ́ mi. "Ẹ ṣé, bọ̀dá," ó ní, ó sì jáde. Ìbá bú mi, ìbá sàn fún mi.

Ọjọ́bọ̀ dé, Ọjọ́bọ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni Ìdíátù rí ìwé náà níbi tó ti ń fọ aṣọ mi. Ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á. Ó fi ọṣẹ sílẹ̀.

"Yìgì tí wọ́n so fún wa, ta ló kọ ọ́ sílẹ̀?" ó bi mí. "Bí o bá kú lọ́la, ta ló máa to tèmi?"

Mo ní kó má fi ikú pè mí. Ó ní kí n dá òun lóhùn. Ìjà ọjọ́ mẹ́ta la jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ní ọjọ́ Àìkú, mo wọ aṣọ, mo gba Surulérè lọ.

Ọmọ́níkẹ́ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti bọ́ aṣọ dúdú, ó di irun.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀," ó ní. "Ọkọ mi ń sùn."

"Ọkọ wo?"

Ó wo ẹ̀yìn kó tó dáhùn. "Mo pàdánù ẹjọ́ náà, wọ́n sì ti ṣú mi lópó. Ó ní bí mi ò bá gbà, kí n máa lọ, ṣùgbọ́n kí n fi àwọn ọmọ sílẹ̀, pé ọmọ ẹbí ni wọ́n."

"Àkàngbé? Ṣebí òun ló ní ẹ̀gbọ́n òun ò níyàwó! Ìyàwó ta ló wá ṣú?"

"Ó yé mi, bọ̀dá. Ó yé àwọn náà."

Mo na ìwé náà sí i. Kó tó gbà á, Kíkẹ́ ti yọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, tí kì í jẹ́ kí bébà kọjá. Ó já a gbà. "Abọ́dúndé, bíríkìlà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́," ó kà á sókè ketekete. Ó ka ìlà kejì. Ó dé ìkẹta, "Ọmọ́níkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló…"

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Ta nìyẹn?" ohùn Àkàngbé wá láti yàrá.

Ọmọ́níkẹ́ ò mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu ọmọ náà.

"Kò séèyàn kankan níbí," ó dáhùn, "Bàbá Kíkẹ́."