Búrẹ́dì Tí Kò Níyọ̀

Ogójì ọdún ni bàbá mi fi po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì kan náà kí wọ́n tó ní kó máa lọ sílé. Wọ́n ti ra ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kì í ṣàìsàn, kì í sì í tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Bàbá délé, ó dojú kọ ògiri, oorun oṣù méjì ló sùn.

Àìsàn màmá mi ló gbé e dìde. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ màmá ti ru kọjá ààlà, pé kó má fẹnu kan iyọ̀ mọ́ bó bá fẹ́ pẹ́ láyé. Búrẹ́dì ìta kò sì ṣeé rà, iyọ̀ kún inú rẹ̀, ojoojúmọ́ ló tún ń wọ́n sí i. Bàbá ní, "Ṣé èmi ni wọ́n á máa ta búrẹ́dì fún?" Ó da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá, ó to ẹyín iná sórí ọmọrí rẹ̀, ó di ààrò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ra yíìsì. Tó bá ti po ìyẹ̀fun, á bu díẹ̀ pamọ́ sínú abọ́ kó lè fi mú ti ọ̀la wú, á gé ti màmá sọ́tọ̀, á fi ọ̀bẹ kọ ìlà sí i lórí, lẹ́yìn náà ni yóò tó fi iyọ̀ sí ti àwa yòókù. Ilé wa ń ta sánsán láràárọ̀, inú mi sì ń dùn.

Ní ọdún kejì, iyọ̀ inú búrẹ́dì tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi láhọ́n. Mo dúró sẹ́yìn Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kó tó da omi sí ìyẹ̀fun ló ti ju iyọ̀ sí i, bí wọ́n ti ń ṣe é níbi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ó gé ti màmá, ó kọ ìlà sí i. Ó tún bu iyọ̀ sí èyí tó kù. Ọwọ́ rẹ̀ ti padà síbi iṣẹ́, orí rẹ̀ kò sì mọ̀.

Mo sáré wọ yàrá lọ bá màmá.

"Màámi, ẹ má jẹ búrẹ́dì yẹn mọ́. Iyọ̀ wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ó ti tó oṣù kan."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá ń jẹ ẹ́? Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Rọra sọ̀rọ̀. Ìwọ náà ṣáà rí bó ṣe wà nígbà yẹn. Tó bá gbọ́ pé òun ń fi iyọ̀ sí i, á tún dojú kọ ògiri, kò sì ní í dìde mọ́."

Orí mi gbóná. Mo kó iyọ̀ ilé pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Bàbá lọ tọrọ lọ́wọ́ télọ̀ tí a jọ ń gbélé, ó ní àwọn ọmọ ayé òde òní kì í ra iyọ̀ mọ́, atẹ́gùn ni wọ́n fi ń sebẹ̀. Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kí Bàbá jẹ́ kí n máa bá a pò ó, ó ní kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń din ẹyin ná. Bẹ́ẹ̀ ni màmá kò lè ju tiẹ̀ nù, torí Bàbá kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Lójoojúmọ́ ni mo ń yanu láti sọ fún Bàbá, tí mo ń pa á dé. Òótọ́ ọ̀rọ̀ korò, ojo sì ni mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, màmá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Apá rẹ̀ kan kò gbé mọ́, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A kò tíì gbé e dé ilé ìwòsàn tó fi dákẹ́.

Àwọn aládùúgbò kún yàrá wa. Bàbá jókòó láàrin wọn, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé, "Ẹ ṣáà bá mi dúpẹ́. Ọdún méjì ni iyọ̀ kò kan ẹnu ẹ̀. Búrẹ́dì mi ló ń jẹ, òun ló jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí."

"Ẹ ṣeun, Bàbá," télọ̀ wí. "Ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa."

Bàbá yíjú sí mi. "Àbí irọ́ ni mo pa?"

"Òótọ́ ni, Bàbá," ni mo dá a lóhùn.