Lẹ́tà tí Taoheed Fi Téèpù Bò

Ẹsẹ̀ Kùdírátù rì wọlẹ̀ bí ẹni tẹ ẹ̀kọ tútù. Ó gbé e sókè, ó tún tẹ̀ ẹ́. Bùréèkì kò dá a lóhùn.

"Làbákẹ́, di nǹkan mú!"

"Mọ́mì, mò ń kú lọ o," ni ọmọ rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn. Ó dùbúlẹ̀ sórí àga ẹ̀yìn, ó forí ti ilẹ̀kùn. Láti Pápá Àjàó ni ìrọbí ti mú un. Oyún kẹta rèé. Méjì àkọ́kọ́ kò dúró. Najeem ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ ní Erékùṣù. Ìyá nìkan ló kù nílé tó lè wa ọkọ̀.

"O ò níí kú. Ṣáà di nǹkan mú."

Wọ́n ti dé góńgó afárá tí wọ́n ṣe gba orí rélùwéè ní Yábàá, ọkọ̀ sì ti dojú kọ ìsàlẹ̀. Àwọn èrò ọjà Tejúoṣó ń sọdá lọ́hùn-ún: ìyá kan ru báálì aṣọ, àwọn ọmọ iléèwé di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ńṣe ni ọkọ̀ ń sáré sí i. Háíbíríìdì ni, èyí tó ń lo epo tó tún ń lo iná bátìrì. Tìrìmísíyù, àbúrò Làbákẹ́, ló rà á fún ìyá rẹ̀. Kì í pariwo. Lọ́jọ́ tó yẹ kó ké ìbòsí, ó dákẹ́ bí olè.

Ó kúkú ti ké é rí. Láti ọjọ́ Ajé ni ìkìlọ̀ kan ti ń ké nínú rẹ̀ bí òròmọdìẹ tó sọnù. Kí wá ni Kùdírátù ṣe? Ó yí rédíò sókè, ó fi wáàsí bò ó mọ́lẹ̀.

"Àgbàyà ni mí," ló sọ fún ara rẹ̀. "Àgbàyà pátápátá."

Ọwọ́ rẹ̀ fò sórí ọ̀pá gíá, ó ń wá gíá méjì. Ọdún mọ́kànlá ló fi wa mọ́tò búrẹ́dì olóògbé ọkọ rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń yí gíá rẹ̀. "Bí bùréèkì bá já ẹ kulẹ̀," olóògbé náà a máa wí, "fà á sí gíá méjì. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á dì í mú." Ṣùgbọ́n kò sí ení, kò sí èjì lára eléyìí. R wà, N wà, D wà. Téèpù dúdú ló kù.

Taoheed mẹkáníìkì ló lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Kùdírátù ti ṣèèṣì fa ọ̀pá náà sí B, lẹ́tà tó wà lábẹ́ téèpù náà, rí lójú ọ̀nà Ládìpọ̀. Ọkọ̀ kérora, ó wá ń lọ́ra bí ìgbà tí wọ́n bá di ìró èèyàn mú láti ẹ̀yìn. Ó sáré tọ Taoheed lọ.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kan B yìí mọ́ o. Ó máa ba gíá yín jẹ́."

"Kí ni wọ́n wá ṣe é fún?"

"Àwọn tó ṣe é ló mọ̀. Gbogbo oníbàárà mi ni mo bò ó fún."

Ìwé ọkọ̀ náà wà, àmọ́ èdè Jàpáànù ni láti òkè délẹ̀. Kùdírátù wo àwòrán inú rẹ̀ tán, ó fi ń lé ẹ̀fọn.

"Mọ́mì! Ó ń bọ̀!"

"Há a mọ́ra!"

"Ṣé ìgbẹ́ ni?"

Ìgbà náà ni ojú Kùdírátù là. Fífà tí ọkọ̀ ń fà sẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn, ṣebí ti gíá méjì ni! Mọ́tò búrẹ́dì náà kì í ṣaláì kérora bẹ́ẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọkọ̀ kò ṣàìsàn. Ó ń di ara rẹ̀ mú ni.

Bí òótọ́ bá sì wà lẹ́nu Taoheed ńkọ́? Bí gíá bá lọ, kí ló kù? Ìyá oníbáálì ti dúró gbagidi láàárín títì, ẹ̀rù ti dè é lẹ́sẹ̀. Kùdírátù tẹ fèrè, kò gbọ́wọ́ kúrò.

"Yáà Alláàhù!" Ó fa ọ̀pá náà wálẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ya téèpù dànù.

Ọkọ̀ bú ramúramù. Ẹnì kan ti di ìró rẹ̀ mú lẹ́yìn. Ọgọ́ta di ogójì, ogójì di ogún. Kùdírátù wá ń tẹ bùréèkì ìdúró tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tẹ ẹyin. Ìyá oníbáálì ju ẹrù sílẹ̀, ó sá. Ọkọ̀ fi imú kan báálì náà, ó dúró.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan sáré jáde, ó wo Làbákẹ́, ó wo ìró Kùdírátù tó rin gbindin.

"Èwo nínú yín ni omi rẹ̀ ya?"

"Ti ọmọ mi ni. Tèmi, ìtọ̀ lásán ni."

Wọ́n gbé Làbákẹ́ wọlé. Kùdírátù jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò lè rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Ó ń ka ìṣẹ́jú. Fóònù rẹ̀ dún.

"Màmá, wọ́n ní ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní Yábàá," ni Taoheed wí. "Ẹ ò fọwọ́ kan B yẹn, àbí?"

Kùdírátù wo àtàǹpàkò rẹ̀. Téèpù dúdú náà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ohùn kékeré kan ké, ó tún ké.

"Taoheed, ṣé o gbọ́ ìyẹn?"

"Bí ọmọ tuntun ni, mà."

"Ọmọ tuntun ni." Omijé ti dé ẹnu rẹ̀. "Lọ́la, wá tún bùréèkì mi ṣe. Lẹ́yìn náà, kí o lọ yọ téèpù yẹn lára ọkọ̀ gbogbo èèyàn tó o bò ó fún."

"Màmá…"

"Mi ò tíì parí. Bó o bá wá, yọ rédíò mi náà lọ."