Fíùsì Tí Kò Jó

Ọkùnrin náà tún yí ọ̀pá iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì, iná kò tàn. Ó pa ọkọ̀, ó tún ṣíná sí i, ó tún yí ọ̀pá náà. Ògiri ilé tó wà níwájú ọkọ̀ dúdú bó ṣe wà. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn.

Láti ìgbà tí ọkùnrin yìí ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ akérò, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un ni pé kó máa lọ gbé ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ ọ̀hún. Ọjọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti pa orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn tẹ́lẹ̀ tì. Ọ̀kan di Bàbá Nọ́ọ̀sì, èkejì di Ìyá Nọ́ọ̀sì, wọ́n a sì máa pè é sókè dáadáa kí ará ilé kejì lè gbọ́. Bí ọkọ bá ń lọ gbé ọmọ, ìyàwó a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n a jọ máa tàkúrọ̀sọ títí wọ́n a fi dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn.

Lọ́jọ́ yìí, Ìyá Nọ́ọ̀sì yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní ọmọ kì í ṣe ọmọdé mọ́, kó wọ takisí. Ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀lẹ́. Ọkọ rẹ̀ fèsì pé òun kò wa ọkọ̀ fún gbogbo ayé tán kí ọmọ òun tún wá máa du ọkọ̀ wọ̀ lójú títì.

Ó tẹ fèrè ọkọ̀, ó ké. A jẹ́ pé bátìrì kò ṣàìsàn. Àwọn iná tí a fi ń yà sọ́tùn-ún sósì náà ń ṣẹ́jú. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú gílóòbù kan, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Kò dá okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ mọ̀. Ó nà án sí ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn wò ó, ó ní okùn rẹ̀ kò já.

Ó ń kùn pé iná méjì kì í bára wọn mulẹ̀ kí wọ́n jọ kú, pé nǹkan kan ló pa wọ́n. Ìyá Nọ́ọ̀sì padà wọlé. Nígbà tó yá, takisí kan já ọmọ wọn sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Bàbá rẹ̀ kí i bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, oúnjẹ tí wọ́n sì gbé ka iwájú rẹ̀, ó kàn ń fi síbí tì í kiri ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ti ń bá a ṣe wáyà ọkọ̀ láti ìgbà tó ti wà nídìí ọkọ̀ akérò, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àǹtí Oníwáyà. Obìnrin náà kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ sítíárì, ó ṣí ilé fíùsì, ó yọjú wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ta lẹ bá jà?"

Ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà.

"Fíùsì tó bá jó, òkú rẹ̀ a ṣì wà nílé rẹ̀," ni Àǹtí Oníwáyà wí. "Ẹ wò ó, kò sí òkú níbí. Ẹnìkan ló yọ wọ́n. Ti iná iwájú nìkan ló sì yọ, kò fọwọ́ kan ìyókù. Ẹni yẹn mọ ohun tó ń ṣe."

Bàbá ní bóyá olè ni. Obìnrin náà bi í léèrè irú olè tó máa fi bátìrì àti rédíò sílẹ̀ tó máa wá jí fíùsì gbé. Ó fi tuntun sí i, iná sì tàn gbòò sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá Nọ́ọ̀sì jókòó sínú ọkọ̀, kò tètè lọ. Inú ni wọ́n ti máa ń ti géètì ilé wọn. Ọmọ rẹ̀ kò mọ fíùsì yàtọ̀ sí bọ́tìnnì. Ó wá rántí òjò ọdún kan, tí iná ọkọ̀ kú mọ́ wọn lójú ọ̀nà, tí ìyàwó rẹ̀ di tọ́ọ̀ṣì mú, tí òun ń fi ìka tọ́ka sí àwọn fíùsì fún un: èyí ni ti fèrè, èyí ni ti iná iwájú. Ó ti fọ́nnu lọ́jọ́ náà pé òun máa sọ ọ́ di oníwáyà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá bi ara rẹ̀ pé kí ló wá dé, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó bá Ìyá Nọ́ọ̀sì níbi tó ti ń lọ aṣọ iṣẹ́ ọmọ wọn. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó ní iná ti tàn. Ìyàwó rẹ̀ kí i kú iṣẹ́, kò gbójú sókè, ayọ́ọ̀nù sì dúró sójú kan.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, aṣọ ọmọ ń jó o."

Ó yára gbé ayọ́ọ̀nù náà. Ó wọ yàrá lọ, nígbà tó sì jáde, ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀. Àwọn fíùsì náà wà níbẹ̀.

"Ẹ rántí ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ létí títì lọ́jọ́sí?" ni ó bi í. "Nígbà tí mo pariwo, ẹ ní ẹ ti rí i."

Bàbá Nọ́ọ̀sì lè tún wí bẹ́ẹ̀. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo àwọn fíùsì tó wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Mi ò rí i," ó wí. "Ariwo rẹ ni mo gbọ́ tí mo fi yí sítíárì."

Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í.

"Ọjọ́ náà ni ǹ bá ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ lẹ fi kọ́ ilé yìí, òun lẹ fi rán ọmọ lọ sílé ìwé. Báwo ni màá ṣe la ẹnu mi kí n ní kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Mo ní kí iná kúkú kú, kó má jẹ́ èmi ni mo wí i."

Ọkọ rẹ̀ gba àwọn fíùsì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá jẹ́wọ́ pé ó ti ṣe díẹ̀ tí ìrọ̀lẹ́ ti máa ń rí lójú òun bí ìgbà tí èéfín bá bo ilé, tí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú a sì fọ́n káàkiri. Ó ní òun rò pé iná ọkọ̀ àwọn ló ń bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí òun fi ń fọ gíláàsì rẹ̀ láràárọ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì ní òun máa ń wò ó láti ojú fèrèsé bó ṣe ń fọ̀ ọ́, tó ń fi aṣọ nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ó ní kò sí ọkọ̀ tójú rẹ̀ mọ́ tó tiwọn ní gbogbo ìlú. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, obìnrin náà ṣì ń fi etí aṣọ nu ojú.

Bàbá Nọ́ọ̀sì gbé fóònù rẹ̀, ó pe ọmọ wọn. Ọmọ béèrè bóyá ọkọ̀ ti dára. Ó ní ó ti dára, ṣùgbọ́n kó ṣì wọ takisí bọ̀ wálé. Ó wá fi pẹ̀lẹ́tù bi í pé ọjọ́ wo ni dókítà ojú máa ń rí èèyàn lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀.

"Ṣé ojú ń dun Màmá ni?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀, tó ti padà sídìí aṣọ tó ń lọ̀, tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Èmi ni," ó wí. "Màmá rẹ ló máa mú mi wá."