Ìdáhùn Ìyá Aṣọ́lé

Kíkí kò fẹ́ fi fídíò náà han ìyá rẹ̀, àmọ́ ó mọ̀ pé bí òun kò bá fi hàn án, àwọn ará ìjọ ni yóò fi hàn án. Ọ̀sán Sátidé ni. Ìyá rẹ̀, Victoria Fọláránmi, ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé wọn ní Ìbà Housing Estate. Kíkí jókòó tì í, ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́.

Ọlájídé, ẹ̀gbọ́n Kíkí, ló wà nínú fídíò náà. Aṣọ́lé ni fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nílẹ̀ òkèèrè, kò sì sí ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ní Ìyànà Ìbà. Oníròyìn kan bi í pé kí ló dé tí kì í kúnlẹ̀ gbàdúrà lórí pápá bíi tàwọn ọmọ Nàìjíríà yòókù. Ọlájídé rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní inú ìjọ àtúnbí ni wọ́n ti tọ́ òun dàgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe Jésù ni wọ́n fi kọ́ àwọn níbẹ̀, ẹ̀rù ni. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹnì kan lálàá pé ìyá àgbà òun ti fún òun ní àjẹ́ jẹ, ni wọ́n bá ti òun mọ́ yàrá kan lẹ́yìn pẹpẹ, láìjẹ, láìmu, títí òun fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Irọ́ ni mo pa fún wọn kí wọ́n lè fún mi lómi," ó wí. "Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ariwo àdúrà, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń wá."

Victoria da ẹ̀wà tó ti ṣà pọ̀ mọ́ èyí tí kò tíì ṣà, kò sì mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́?"

"Ẹ̀yìn mi ni mo pọ̀n ọ́ sí nígbà náà," ìyá rẹ̀ fèsì.

Kì í ṣe ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ ló ń bà á lẹ́rù bí kò ṣe ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà nínú ìjọ náà ní Òkókómáíkò, òun sì ni olórí àwọn obìnrin aládùúrà. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà lé ọ̀tá lórí. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣáájú irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kún orí WhatsApp ìjọ. Àwọn kan ní owó ló ń gun Ọlájídé. Àwọn kan ní Èṣù ló ń lò ó. Nígbà tó yá, Pásítọ̀ Oyèkànmí, olùdarí ìjọ, fi ohùn ránṣẹ́: "Ẹ̀yin ará, ẹ rántí Úsà. Ọwọ́ ló fi kan àpótí ẹ̀rí Ọlọ́run, ojú ẹsẹ̀ ló kú." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àmín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Victoria ń ka àmín náà lọ títí ojú rẹ̀ fi ń ṣú. Ọwọ́ ni ọmọ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ jẹun.

Kò pẹ́ tí Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ fi pè é.

"Màmá Ọlájídé, ẹ ti gbọ́."

"Mo ti gbọ́, sà."

"Lọ́la, ẹ ó jáde síwájú ìjọ, ẹ ó sọ pé ẹ kò lọ́wọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, a ó gbàdúrà. Torí tiyín ni. Bí iná Ọlọ́run bá sọ̀kalẹ̀, kì í béèrè pé ta ló wà nínú ilé."

Victoria pe Ọlájídé. "Jídé, jọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n yọ fídíò yẹn kúrò."

"Kì í ṣe èmi ni mo gbé e síbẹ̀, Mọ́mì. Tó bá sì jẹ́ èmi ni, mi ò ní yọ ọ́. Ṣé irọ́ wà nínú ohun tí mo sọ ni?"

Ìyá rẹ̀ tún bẹ̀ ẹ́.

"Kí lẹ ń bẹ̀rù?"

"O máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́la," ó wí. "Ọwọ́ rẹ lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

Ní ọjọ́ Àìkú, Kíkí kò jẹ́ kó dá lọ. Àwọn tó máa ń sáré wá gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìjọ ṣe bí ẹni tó ń wá ojú ìwé nínú Bíbélì. Ìlà àga tó jókòó sí ṣófo. Nígbà tí wọ́n pè é síwájú, Kíkí dì í mú dé ìdí pẹpẹ. Pásítọ̀ na máìkì sí i.

"Wọ́n ní kí n wá fèsì ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi sọ," ó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ forí jì mí. Ohun tó sọ nípa yàrá yẹn, òótọ́ ni. Mo jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń pè mí."

Ó kọjú sí àwọn ará ìjọ.

"Àmọ́ ó ṣi ibì kan sọ. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan lẹ fún wa. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí àwọn ẹbí kó ẹrù wa síta, ẹ̀yin lẹ wá kó wa. Ilé Pásítọ̀ yìí la sùn, ìyàwó wọn ló ń wẹ ọmọ náà. Màá sọ ìyẹn fún òun náà. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ọmọ tí ẹ ti bọ́, ẹ má gbàdúrà kí ọwọ́ rẹ̀ rọ. Kò bú Ọlọ́run. Àwa ló bá wí."

Ó dá máìkì padà. Pásítọ̀ Oyèkànmí wo máìkì náà bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ dìde, a fẹ́ gbàdúrà." Àwọn kan dìde, àwọn kan ò dìde. Àdúrà náà le. Kíkí fa ìyá rẹ̀ jáde kó tó gbọ́ orúkọ tí wọ́n dá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n wo bọ́ọ̀lù. Ní abala kejì, bí Ọlájídé ṣe fò gba bọ́ọ̀lù, ẹnì kan sáré kọ lù ú. Ó ṣubú, kò dìde. Ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ìka kan sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Victoria bo ojú. Kó tó ṣí i, fóònù rẹ̀ ti ń dún léraléra. "Ọlọ́run kì í ṣe ẹgbẹ́ ènìyàn," ẹnì kan kọ. Ẹlòmíràn kọ "Úsà," kò fi nǹkan kan kún un.

Ẹ̀rù tó bà á nígbà náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé Ọlọ́run tí òun ti ń sìn láti ọjọ́ yìí ló ń ṣẹ́ ọmọ níka torí pé ó sọ̀rọ̀? Ó fẹ́ kúnlẹ̀ gbàdúrà, kò mọ ẹni tí òun yóò gbàdúrà sí.

Ọlájídé pè lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Ìka náà yẹ̀ ni, dókítà ti dá a padà. "Ó máa ń ṣẹlẹ̀, Mọ́mì. Lọ́dún tó kọjá, tọwọ́ òsì ló yẹ̀, mi ò tíì sọ nǹkan kan nípa ìjọ nígbà yẹn." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò lè rín in.

Ní ọjọ́ Tuesday, Pásítọ̀ wá sílé, òun nìkan. Victoria rò pé wọ́n wá lé òun kúrò nínú ìjọ ni. Kíkí kò fẹ́ kí i. Ọkùnrin náà jókòó.

"Ṣé ìka náà dùn ún púpọ̀?"

"Pásítọ̀," Victoria wí, "ṣé ohun tí ẹ bá Ọlọ́run sọ nìyẹn?"

Ó wolẹ̀. "Mo fẹ́ kí ẹ̀rù bà á ni. Nígbà tí mo rí i tó ṣubú, èmi ni ẹ̀rù bà. Ọmọ tó sùn nínú ilé mi." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ bá mi pè é."

Victoria bẹ̀rù láti pè é, kí ọmọ má baà bú àgbà, kí àgbà má baà fi ọmọ ré. Síbẹ̀ ó tẹ nọ́ńbà náà.

"Jídé, Pásítọ̀ Oyèkànmí ló fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀. Tó ò bá fẹ́, màá pa fóònù."

Ọlájídé fèsì: "Ẹ fún wọn."

Pásítọ̀ gbé fóònù sétí. "Ọlájídé, èmi ni. Mo fẹ́ gbọ́ nípa yàrá yẹn láti ẹnu rẹ."

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń fetí sílẹ̀. Ohùn Ọlájídé ń jáde tín-ín-rín láti inú fóònù, Victoria kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ojú Pásítọ̀ nìkan ló ń wò. Victoria kò lè jókòó, kò sì lè kúrò níbẹ̀.