Wáyà Orí Òrùlé Télọ̀

Odindi ọdún mẹ́fà ni télọ̀ àgbà kò fi dárúkọ àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Ọkùnrin tí ọmọ náà fẹ́ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì ti sọ ọ́ sí i létí pé bí ó bá tẹ̀ lé e, kí ó má tún tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀. Ọmọ lọ, kò wẹ̀yìn.

Àbúrò rẹ̀ ló ṣèèṣì sọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé ẹ̀gbọ́n òun ti ń ka ìròyìn aago mẹ́rin ọ̀sán ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan tó jìnnà. Télọ̀ ń wa máṣíìnì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí aago mẹ́rin bá ti lù, á gbé rédíò sétí, ariwo bí òjò orí páànù nìkan ni yóò sì máa gbọ́.

Ó bá ránṣẹ́ pe atúnrédíòṣe tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Wáyà. Ó purọ́ fún un pé bí òjò yóò ṣe rọ̀ lòun fẹ́ máa gbọ́. Bàbá Wáyà bi í bóyá aṣọ ló ń gbìn. Télọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Páànù ilé ló ń dí ohùn lọ́nà, Bàbá Wáyà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó na wáyà bàbà láti orí òpó gíga kan dé ara igi ẹ̀yìnkùlé, ó fi ọrùn ìgò gbé e kí ó má baà kan páànù, ó sì fa ìdí rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé sára rédíò. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló di àkàbà mú. Àbúrò ọmọ náà ní kí òun gbà á, ó kọ̀.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, Bàbá Wáyà rọra ń yí rédíò. Ariwo, orin, ariwo, lẹ́yìn náà ohùn obìnrin. Ó dárúkọ ara rẹ̀: orúkọ ọkọ rẹ̀ ló gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n orúkọ baba rẹ̀ ló ṣáájú. Télọ̀ wá ìjókòó. Ó ti rò pé ọmọ náà ti tu orúkọ ọ̀hún dànù.

Ó gbọ́ ìròyìn náà délẹ̀, ẹyọ kan kò dúró sí i lórí.

“Ọ̀fìnkìn ń bá ọmọ mi jà,” ló wí. “Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ ni?”

Bàbá Wáyà ṣí fìlà, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì rọra jáde.

Télọ̀ ní kí àbúrò bá òun pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Ó dún pẹ́ kí wọ́n tó gbé e.

“Èmi ni,” ló wí. “Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi.”

Ó tẹ fóònù mọ́ etí.

“Ẹ kú àtijọ́, Bàbá mi,” ọmọ náà dáhùn.